Ẹ Tún Gbé Píìnì Kroṣé Yẹn Jáde

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi, ó dá mi lójú pé píìnì kroṣé kan ṣì wà nílé yín. Bí kò bá sí nínú agolo bísíkíìtì tí ẹ ń kó abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì sí, yóò wà nísàlẹ̀ àpótí, pẹ̀lú ààbọ̀ fìlà ọmọ tuntun tí ẹ kò rí parí títí ọmọ náà fi wọ ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló kọ́ ọ ní kíláàsì iṣẹ́ ọwọ́. A fi hun fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ fún àkọ́bí, nígbà tó yá, ọjà, iṣẹ́ ìjọba àti owó ilé ìwé gba ọwọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ní báyìí tí àwọn ọmọ ti ń gbé ilé tiwọn, tí ìfẹ̀yìntì ti dé tàbí tó ń bọ̀ lọ́nà, mo ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ píìnì náà.

Ẹ rántí bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ ó ki píìnì bọ ojú òwú, ẹ ó fi kọ́ òwú, ẹ ó fà á jáde. Ojú tuntun dé, ti àtẹ̀yìnwá sì dì. Ìgbàkígbà tí ẹ bá wò ó, ojú kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀. Ṣẹ́tà tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ méjì hun kò rí bẹ́ẹ̀: gbogbo ojú tó wà lórí ìlà ló ṣí sílẹ̀ lórí abẹ́rẹ́, bí abẹ́rẹ́ bá yọ, wàhálà dé. Ní ti kroṣé, bí àlejò bá kanlẹ̀kùn, tàbí ọbẹ̀ fẹ́ jóná, ẹ fa ojú kan yẹn gùn díẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ máa lọ. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún.

Ojú kan ṣoṣo yìí ló yọ obìnrin kan nínú ìṣòro ní Amẹ́ríkà ní 1997. Daina Taimina ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Latvia, onímọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Cornell. Ó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún nígbà náà, àmọ́ láti kékeré nílùú wọn ló ti mọ kroṣé. Láti nǹkan bí 1830 ni Lobachevsky ará Rọ́ṣíà àti Bolyai ará Hungary ti kọ̀wé nípa irú ojú-ilẹ̀ kan tó máa ń fẹ̀ ju ààyè tó wà fún un lọ. Hyperbolic plane ni wọ́n ń pè é lónìí. Bébà ni àwọn olùkọ́ ń gé lẹ̀ pọ̀ láti fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, bébà ọ̀hún kì í sì í pẹ́ ya.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má bàa le jù, ẹ jẹ́ ká yà sídìí tábìlì alápatà. Ẹ ti ra ìfun ẹran rí. Ẹ wo bó ṣe máa ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tó ń lọ tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó ká a bẹ́ẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó lọ́ràá lára ló so ó mọ́ inú ẹran. Etí awọ yẹn kúrú, ìfun sì gùn jù ú lọ fíìfíì. Ohun gígùn tí wọ́n bá so mọ́ etí ohun kúkúrú, níbo ni yóò kó gígùn rẹ̀ sí? Á máa wú síbí, á máa rì sọ́hùn-ún. Ẹ fi ọ̀bẹ ya ìfun náà kúrò lára awọ yẹn nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, ẹ ó rí i pé ṣe ló máa nà gbọọrọ.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kroṣé ṣe ń ṣe. Ẹni tó ti hun fìlà rí mọ̀ pé iye ojú tí a bá ń fi kún ìlà ló ń pinnu ohun tí iṣẹ́ yóò dà. Fi díẹ̀ kún un, ó tẹ̀ kolobo, ó di fìlà. Fi kún un níwọ̀n, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó di ohun tí a ń tẹ́ sórí tábìlì. Fi kún un ju bó ti yẹ lọ, etí rẹ̀ á máa wọ́ bí ìfun, olùkọ́ á sì ní kí o tú u. Ohun tí olùkọ́ wa ní ká tú yẹn ni Taimina mọ̀ọ́mọ̀ hun dípò bébà tó ń ya. Ó kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ méjì dán an wò, ṣùgbọ́n ojú tó ṣí sílẹ̀ pọ̀ ju ohun tí abẹ́rẹ́ lè gbà lọ. Ló bá padà sídìí píìnì. Ẹ lè dán an wò lálẹ́ òní: ẹ fi ojú 20 bẹ̀rẹ̀, ẹ máa hun mẹ́rin, kí ẹ wá hun méjì sínú ìkarùn-ún. Ìlà àkọ́kọ́ á di 24. Ní ìlà kẹwàá, ojú á ti lé ní 100; ní ìlà ogún, ó ti lé ní 600.

Ní 2005, Margaret àti Christine Wertheim, ìbejì ará Ọsirélíà tí wọ́n ń gbé Los Angeles, fi ọgbọ́n yìí bẹ̀rẹ̀ sí í hun iyùn inú òkun, torí etí iyùn náà ń wọ́ bẹ́ẹ̀, ooru omi sì ń pa èyí tó wà lókun Ọsirélíà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, tí obìnrin pọ̀ jù nínú wọn, ló ti bá wọn hun ún. Ní 2019, ó dé àfihàn ńlá Venice ní Ítálì.

Ohun tó ń dùn mí ni pé, bí àgbà bá gbé iṣẹ́ ọwọ́ ìgbà èwe jáde báyìí, kíá ni aládùúgbò á bèèrè pé, “Mà, èló lẹ ń tà á?” Owó dára, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ohun kan wà lọ́wọ́ yín tí ẹnikẹ́ni ò ní dá iye lé. Ẹ hun ohun tó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, kí ẹ kàn fi wo ibi tí yóò já sí. Ẹ má sì torí ẹ̀ pa ewédú tí ẹ gbìn sínú ike tì, ẹ má fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀, ẹ má pa ọpọ́n ayò dé. Iṣẹ́ tó jẹ́ ojú kan ló ṣí sílẹ̀ kò ní bá wọn du àkókò.

Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá ríran bíi tàtijọ́, kó fi píìnì tín-ín-rín sílẹ̀, kó ra èyí tí wọ́n kọ 5 mm sí lára, pẹ̀lú wúlù tó ki, tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wúlù dúdú kò ṣeé hun lálẹ́. Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta ti àwọn onídìrí fún yín. Èyí tí wọ́n fi ń so atáṣímẹ́ǹtì mọ́ irun ní ìdérí kékeré lẹ́nu tó ń ṣí tó ń pa dé. Èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣí gbayawu ni kí ẹ gbà.