Awò Ojú Tó Ń Tọ́ Ọwọ́ Sọ́nà Lójú Òfurufú

Ní oṣù Keje ọdún 2021, Megan McArthur, arìnrìn-àjò òfurufú ará Amẹ́ríkà, de awò ńlá kan tí ń jẹ́ HoloLens mọ́ orí, ó sì ṣí ẹ̀rọ Cold Atom Lab tó wà nínú ibùdó òfurufú ISS. Ẹ̀rọ náà kò ju fíríìjì kékeré lọ, ṣùgbọ́n wáyà àti ẹ̀yà ẹlẹgẹ́ kún inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú átọ́ọ̀mù tutù títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira mọ́. Ẹ̀yà tuntun ni McArthur fẹ́ fi sí i. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ náà jókòó sí ilé iṣẹ́ JPL ní gúúsù Kalifóníà, wọ́n sì ń rí ohun tí òun gan-an ń rí. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó gé okùn ike kan láàárín ọ̀pọ̀ tó jọra, wọn kò ní máa làágùn lórí "èyí tó wà lókè, rárá, èyí tó tẹ̀ lé e". Wọ́n á ya àmì sí i lórí kọ̀ǹpútà tiwọn, àmì náà á sì hàn sí McArthur lára okùn náà gan-an.

Báwo ni àmì tí kò sí níbẹ̀ ṣe ń dúró lára ohun tó wà níbẹ̀?

Ẹni tó bá ti wa mọ́tò lóru mọ̀ bí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ṣe máa ń hàn lójú gíláàsì iwájú, tí awakọ̀ á sì tún máa rí títì gba inú gíláàsì kan náà. Orí irú ìpìlẹ̀ yẹn ni awò yìí dúró lé. Ẹ̀rọ kékeré kan ń tan ìmọ́lẹ̀ àwòrán wọ inú gíláàsì rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà á máa ta láti ojú kan gíláàsì sí ojú kejì, títí yóò fi kan àwọn ìlà tínínrín tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn ìlà wọ̀nyí ló ń darí rẹ̀ sínú ẹyinjú. Àwòrán tí ojú ọ̀tún rí yàtọ̀ díẹ̀ sí ti òsì, ìyàtọ̀ yẹn ni ọpọlọ sì fi ń gbà pé àmì náà wà ní ọ̀ọ́kán.

Iṣẹ́ tó le jù ni pé kí awò náà mọ ibi tí orí ẹni tó dé e wà. Bí orí bá yí díẹ̀ tí àmì sì bá a yí, okùn mìíràn ni wọ́n máa gé. Nítorí náà, kámẹ́rà mẹ́rin ń ṣọ́ àyíká, òmíràn ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó, ẹ̀rọ kékeré mìíràn sì ń mọ bí orí ṣe ń yí. Lórí ilẹ̀ ayé, ẹ̀rọ kẹta yìí máa ń fi òòfà ilẹ̀ mọ ibi tí ìsàlẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ibùdó ISS àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ jọ ń já bọ̀ yí ayé ká ni, ní nǹkan bíi 28,000 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Kò sí ìsàlẹ̀ mọ́ fún ẹ̀rọ náà láti mọ̀. Ohun tí kámẹ́rà bá rí lára ògiri ni ó gbọ́dọ̀ gbára lé. Ìdí nìyí tí NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, àti Microsoft, tó ṣe awò náà, fi kọ́kọ́ dán an wò nínú ọkọ̀ òfurufú C-9, èyí tó máa ń gòkè, tó sì máa ń já wá sílẹ̀, kí àwọn inú rẹ̀ lè léfòó fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá.

Àwọn awò tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ISS kò dé ibẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì SpaceX tó gbé wọn fọ́ lókè ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2015. Òmíràn dé ní oṣù Kejìlá, arìnrìn-àjò òfurufú Scott Kelly sì lò ó ní 2016. Àwọn ará Yúróòpù ti ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ yìí: Frank De Winne, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, ti dán irú rẹ̀ kan tí ń jẹ́ WEAR wò níbẹ̀ ní 2009.

Èyí tó wúlò jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ohun tí Soichi Noguchi, ọmọ Japan, ṣe ní 2021. Ẹ̀rọ ìsáré kan wà nínú ISS, nítorí egungun àti iṣan máa ń jó rẹ̀yìn níbi tí ẹsẹ̀ kò ti gbé ara. Noguchi yẹ̀ ẹ́ wò láìsí ẹni tó ń darí rẹ̀ láti ilẹ̀. Awò náà fúnra rẹ̀ ló ń fi ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan hàn án lára ẹ̀rọ náà. Ẹni tó bá dé Máàsì kò ní rí ẹni bi léèrè bíi ti McArthur. Ohùn máa ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta sí 22 kí ó tó ti ibẹ̀ dé ayé, ìdáhùn á sì tún rin ìrìn náà padà. Ta ni yóò di páìpù tó ń jò mú fún ogójì ìṣẹ́jú?

Níta ọkọ̀, ìṣòro náà tún yàtọ̀. Títí di òní, bọ́tìnnì ìdarí wà láyà aṣọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń wọ̀ jáde ní ISS, níbi tí ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ kò dé. Wọ́n wá kọ lẹ́tà rẹ̀ sódì, kí wọ́n lè fi dígí tó wà ní ọrùn ọwọ́ kà á. Láti 2018 ni NASA ti ń pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sí ìdíje SUITS, kí wọ́n ronú bí ìsọfúnni yìí ṣe lè wá síwájú ojú. Bí wọ́n bá sì wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ dé ìpẹ̀kun gúúsù òṣùpá, oòrùn kì í ga sókè níbẹ̀. Ìtànṣán rẹ̀ máa ń gba ojú tààrà, ó sì lè pa àwòrán inú awò rẹ́. Afẹ́fẹ́ inú aṣọ náà sì jẹ́ ọ́síjìn nìkan, tí ń ran iná. Ibi tí bátìrì àti wáyà máa wà, kí iná má bàa ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹni tó wọ̀ ọ́, ni àwọn tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yanjú.