Kí Ni Kí Á Pe Livor Mortis ní Èdè Yorùbá?

Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí àwọn oníṣègùn tó ń yẹ òkú wò máa ń lò fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ara lẹ́yìn ikú, méjì kò fún Yorùbá ní wàhálà. Òkú a tutù, òkú a sì gan. Ẹni tó bá ti jókòó ti òkú rí mọ méjèèjì. Nítorí náà, ìtutù òkú àti gígan òkú tó wa lò fún algor mortis àti rigor mortis. Ẹ̀kẹta, livor mortis, ni kò ní orúkọ. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti èyí tí Awóbùlúyì ṣe ní 1990, kò lè gbà wá níhìn-ín, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni wọ́n ṣe wọ́n fún.

Kí ni ohun náà gan-an? Nígbà tí ọkàn bá dáwọ́ iṣẹ́ dúró, kò sí ohun tí yóò máa ti ẹ̀jẹ̀ kiri mọ́. Ẹ̀jẹ̀ a wá ṣe bí ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́ sínú ìkòkò: ògì a fìdí kalẹ̀, omidùn a wà lókè. Bí òkú bá dùbúlẹ̀ gbalaja, ẹ̀yìn rẹ̀ àti ẹ̀yìn itan rẹ̀ ni yóò máa pọ́n, tí yóò sì máa lọ sí àwọ̀ tí Bíbélì Yorùbá ń pè ní elésè àlùkò. Àmọ́ ibi tí ara ti tẹ ilẹ̀ gan-an, bí èjìká àti ìdí, kò ní pọ́n, nítorí ẹ̀jẹ̀ kò ráyè wọ ibẹ̀. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí 2 ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ní àkókò yìí, bí a bá fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀, yóò ṣì fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó bá fi máa tó bíi wákàtí 8 sí 12, ó ti mu, bí aṣọ ṣe ń mu aró. Lára aláwọ̀ dúdú, ojú kì í tètè rí i. Ètè, èékánná àti àtẹ́lẹwọ́ ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí á fi oko kòkó kan ní Ìdànrè ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní wọ́n bá àgbẹ̀ kan tó ti kú lábẹ́ igi kòkó, ó nà gbalaja, ojú rẹ̀ sì kọjú sókè. Ṣùgbọ́n àyà àti iwájú rẹ̀ ni ó pọ́n, ó sì ti mu. Ó dájú pé ọ̀pọ̀ wákàtí ni ó fi dojú bolẹ̀ kí ẹnì kan tó yí i padà. Ó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀ tó wá a dé oko ni ó yí i, láìní ibi kankan nínú. Síbẹ̀ ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ béèrè. Bákan náà, bí ẹnì kan bá kú lórí Òkè Ìdànrè, ó yẹ kí á ti kọ bí ó ṣe dùbúlẹ̀ sínú ìwé kí á tó gbé e sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn 682 yẹn. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tíì mu, ọ̀nà tí a gbà gbé e lè yí àmì náà padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti dókítà nìkan. Nígbà tí wọ́n bá ń wẹ òkú ni ẹbí máa ń rí ẹ̀yìn tó pọ́n dòdò. Ẹlòmíràn a ní wọ́n lù ú pa ni, ẹlòmíràn a ní májèlé ni, ojú a sì yí sí opó. Bí ẹjọ́ bá wá dé kóòtù, tí ògbufọ̀ sì pe ohun tí dókítà sọ ní ojú ibi tí wọ́n ti lù ú, ẹnì kan lè tipa bẹ́ẹ̀ rí ẹ̀wọ̀n he. Bẹ́ẹ̀ méjèèjì yàtọ̀: lára ẹni tí wọ́n lù, ẹ̀jẹ̀ ti tú jáde kúrò nínú iṣan, ó ti dì sínú ẹran ara, èyí tí à ń wí yìí, inú iṣan rẹ̀ ni ó ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀.

“Àpá òkú” kò dára, nítorí ọgbẹ́ ló ń bí àpá. Livor nínú èdè Látìn jẹ mọ́ àwọ̀ bíi ti aró, ṣùgbọ́n “dídúdú ara òkú” yóò mú kí á rò pé òkú ti ń jẹrà. Díẹ̀ ló kù kí n mú “àlùkò”, tó dùn lẹ́nu. Àmọ́ ẹni tí èéfín jẹnẹrétọ̀ pa máa ń pọ́n yòò ni. Àwọ̀ kò lè jẹ́ orúkọ. “Ìsọ̀kalẹ̀ ẹ̀jẹ̀” ńkọ́? Níbi tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, wọn yóò rò pé a ní ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan ti wálẹ̀.

Ìfìdíkalẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ni èmi fara mọ́. A ṣẹ̀dá rẹ̀ bí a ṣe ṣẹ̀dá ìfìdímúlẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ló sì ń sọ. Nínú ìdánwò aáyan ògbufọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti fìdí kalẹ̀ sí ẹ̀yìn òkú náà yẹ kó gba máàkì rẹ̀ pé, bí kò tilẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ ìperí kankan. Ẹni tó kọ àpá ti sọ ìtumọ̀ nù. Kí á sì máa wo àmì ohùn wọn dáadáa: awọ òkú ni dókítà ń yẹ̀ wò, àwọ̀ rẹ̀ ni ó ń kọ sílẹ̀.