Ọkọ̀ Bẹntiróò tàbí Ọkọ̀ Dísẹ́ẹ̀lì: Ohun tí ó Yẹ kí Ará Òkè-Ògùn Gbé Yẹ̀wò kí ó tó Ra Ọkọ̀

Ìfáárà

Ní ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn, láti Ìṣẹ́yìn dé Ṣakí, ọkọ̀ ni okùn tí ó so oko pọ̀ mọ́ ọjà. Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀gúsí tí àwọn àgbẹ̀ ń kó jáde ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí ó wà níbẹ̀ kì í sábà pa owó gidi títí wọn yóò fi dé Bódìjà ní Ìbàdàn tàbí àwọn ọjà Èkó. Owó epo tí ọlọ́kọ̀ bá ná lójú ọ̀nà, inú owó tí ì bá kan àgbẹ̀ ni ó ti ń jáde. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ń béèrè bóyá ọkọ̀ bẹntiróò ni kí òun rà tàbí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ náà kan ju ẹni tí ó ń ra ọkọ̀ lọ.

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ọkọ̀ tí epo rẹ̀ bá dínwó ni ó dára jù. Àlàyé ìsàlẹ̀ yìí yóò fi hàn pé èrò náà kò tọ̀nà tán. Iṣẹ́ tí ọkọ̀ yóò ṣe, bí ìrìn rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó lọ́dún, àti ọwọ́ tí yóò máa tún un ṣe ni ó yẹ kí ó ṣíwájú nínú ìpinnu.

Bí Ẹ́ńjìnì Méjèèjì ṣe ń Ṣiṣẹ́

Ará Jámánì ni àwọn méjèèjì tí ó pilẹ̀ àwọn ẹ́ńjìnì wọ̀nyí. Ní ọdún 1876 ni Nikolaus Otto ṣe ẹ́ńjìnì tí ẹ́ńjìnì bẹntiróò òde òní ti jáde. Rudolf Diesel, ẹni tí epo dísẹ́ẹ̀lì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, gba ìwé àṣẹ lórí ìlànà tirẹ̀ ní ọdún 1893, ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì yege ní ìlú Augsburg ní ọdún 1897.

Nínú ẹ́ńjìnì bẹntiróò, epo àti afẹ́fẹ́ ni ó jọ ń wọlé. Písítìnì yóò fún wọn pọ̀ títí wọn yóò fi kéré tó bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ààyè tí wọ́n gbà tẹ́lẹ̀, púlọ́ọ̀gì yóò sì ta iná sí wọn. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ta iná. Afẹ́fẹ́ nìkan ni písítìnì ń fún pọ̀ níbẹ̀, ó sì ń fún un dé ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ìdá kan nínú ogún. Fífún yìí ni ó ń mú kí afẹ́fẹ́ náà gbóná kọjá àlà, tí ó fi jẹ́ pé bí nọ́sù bá ti fọ́n epo sí i, epo náà yóò gbiná fúnra rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni èyí bí. Èkíní, ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì ní láti nípọn kí ó tó lè gba agbára fífún náà, nítorí náà ó wúwo, ó sì wọ́n. Èkejì, kì í jẹ epo tó ti bẹntiróò fún ìrìn kan náà. Ẹ̀kẹta, ó lè fa ẹrù wúwo láì jẹ́ pé ó sáré púpọ̀. Ìdí nìyí tí katakata, ọkọ̀ ńlá akẹ́rù àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìlọta fi ń lo dísẹ́ẹ̀lì.

Ẹ̀kọ́ tí Iye Owó Epo Kọ́ni

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ń san owó ìrànwọ́ lórí bẹntiróò, ṣùgbọ́n ó ti fi dísẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ fún ọjà. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Rọ́ṣíà àti Ukraine ní ọdún 2022, lítà dísẹ́ẹ̀lì kan tí kò tó 300 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ti kọjá 700 náírà ní oṣù keje, nígbà tí bẹntiróò kò tíì kọjá 200 náírà ní ọ̀pọ̀ iléepo. Ẹni tí ó bá fi iye owó nìkan ṣe òdiwọ̀n nígbà náà yóò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì mọ́.

Ìmọ̀ràn náà kò pẹ́ kí ó tó di àtijọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí bẹntiróò ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan ti kọjá 500 náírà, ó sì kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ìlú kí ọdún 2024 tó parí. Ní oṣù kìíní ọdún 2024 kan náà ni ilé ìfọpo Dáńgótè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dísẹ́ẹ̀lì, tí ó sì dín iye tí ó ń tà á kù ní oṣù kẹrin. Báyìí ni àlàfo tí ó ti lé ní ìlọ́po mẹ́ta ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ọkọ̀ a máa lo ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ olówó rẹ̀, iye owó epo kì í sì í dúró lójú kan fún ọdún kan.

Ìṣirò tí Olúkúlùkù lè Ṣe

Ká ní ọkọ̀ bẹntiróò kan ń jẹ lítà mẹ́wàá ní kìlómítà 100, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ń lo dísẹ́ẹ̀lì sì ń jẹ lítà méje àbọ̀. Bí dísẹ́ẹ̀lì kò bá wọ́n ju bẹntiróò lọ pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́ta, owó epo ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì kò ní ju ti èkejì lọ. Bí lítà àwọn méjèèjì bá jẹ́ 1,000 náírà, ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì yóò fi 2,500 náírà pamọ́ fún olówó rẹ̀ ní kìlómítà 100 kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ká ní ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì náà fi 1,200,000 náírà wọ́n ju èkejì lọ lọ́jà. Ó di ìgbà tí ó bá rin kìlómítà 48,000 kí owó náà tó padà. Olùkọ́ tí kò rìn ju kìlómítà 8,000 lọ lọ́dún yóò dúró fún ọdún mẹ́fà. Oníṣòwò iṣu tí ń rin kìlómítà 40,000 lọ́dún yóò rí owó rẹ̀ gbà padà ní ọdún kan àti oṣù díẹ̀. Àpẹẹrẹ ni àwọn iye wọ̀nyí jẹ́. Kí olúkúlùkù fi iye tí ó bá lọ́jà lọ́jọ́ tirẹ̀ rọ́pò wọn, kí ó sì fi owó àtúnṣe kún un.

Ọ̀nà, Ẹrù àti Ọwọ́ Oníṣẹ́

Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn, tí ó tó kìlómítà 65, ti di ọ̀nà ọ̀dà tí ó já gaara, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀nà oko ṣì jẹ́ ilẹ̀ lásán. Nígbà òjò, ẹ́ńjìnì tí ó lè fa ẹrù láì sáré wúlò níbẹ̀. Síbẹ̀, bí abẹ́ ọkọ̀ bá súnmọ́ ilẹ̀ jù, tàbí tí táyà rẹ̀ bá ti jẹ tán, dísẹ́ẹ̀lì kò lè yọ ọ́ nínú ẹrẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe ṣe kókó pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tòkunbọ̀ tí ń wá láti Amẹ́ríkà ni ó ń lo bẹntiróò, nítorí náà ẹ̀yà ara wọn pọ̀ lọ́jà, ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì sì ti mọ́ wọn. Ẹni tí ń tún katakata àti ẹ̀rọ ìlọta ṣe mọ ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì ti àtijọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí nọ́sù rẹ̀ ń fẹ́ irinṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ mìíràn.

Ibi tí ewu wà jù ni ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tòkunbọ̀ ìgbàlódé láti ilẹ̀ Yúróòpù. Nínú páìpù èéfín rẹ̀ ni asẹ́ kan wà tí ń gba ẹ̀dú èéfín dúró. Epo tí imí ọjọ́ bá pọ̀ nínú rẹ̀ a máa ba asẹ́ náà jẹ́. Ní ọdún 2020, ECOWAS fi ẹnu kò pé imí ọjọ́ inú epo kò gbọdọ̀ ju ìdá 50 nínú mílíọ̀nù lọ, ṣùgbọ́n ìpinnu lórí ìwé kì í fọ epo tí ó ti wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n lú mọ́ kẹrosíìnì, tàbí tí omi bọ́ sí, yóò ba pọ́ńpù àti nọ́sù jẹ́, owó títún wọn ṣe sì lè gbé gbogbo èrè ọdún kan lọ.

Ọ̀ràn ìlera àti ààbò kò ṣeé fojú fò. Ní ọdún 2012, ẹ̀ka tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé èéfín dísẹ́ẹ̀lì ń fa jẹjẹrẹ. Bẹntiróò ní tirẹ̀ a máa tètè gbiná ju dísẹ́ẹ̀lì lọ, èyí tí ó mú kí fífi í pamọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì nílé nígbà ọ̀wọ́n epo léwu gidigidi.

Ìgúnlẹ̀

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí olùkọ́ tí ìrìn rẹ̀ kò ju ilé, iṣẹ́ àti ìlú kejì lọ, ọkọ̀ bẹntiróò ni ó bá a mu. Àgbẹ̀ ńlá tàbí alájàpá tí ń kó ẹrù wúwo lọ sí Ìbàdàn lọ́sẹ̀ dọ́sẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù dísẹ́ẹ̀lì tí kò ní kọ̀ǹpútà púpọ̀ nínú ni yóò sàn án, pàápàá bí ó bá ti ní katakata tí ń lo epo kan náà. Kí ẹni tí ó wà láàárín méjì kọ́kọ́ ka kìlómítà tí ó ń rìn lọ́dún, kí ó sì wá mẹkáníìkì tí yóò tún ọkọ̀ náà ṣe kí ó tó san owó rẹ̀. Bí ìṣirò bá ṣíwájú owó sísan, owó epo kò ní gbé èrè iṣu lọ kí iṣu tó dé ọjà.