"Epo wọ́n": Ìtumọ̀ méjì lẹ́bàá ẹnubodè

Ìtumọ̀ méjì ni ọ̀rọ̀-ìṣe "wọ́n" ní: kí nǹkan gbówó lórí, àti kí ó ṣòro rí. Lọ́jà tí kò sí òfin, méjèèjì máa ń rìn pọ̀. Mo fẹ́ fi hàn pé òfin iye owó lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní ìparí 2022, nígbà tí ọ̀wọ́n gógó ọjà ní Nàìjíríà ti ju ìdá 20 nínú 100 lọ, ìjọba ṣì ń sanwó kún owó epo bẹntiróòlù kí lítà kan má baà tó 200 náírà. Ẹni tó bá sọ ní Ìbàdàn nígbà náà pé "epo wọ́n", ohun tó ń sọ ni pé owó wà lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n ìlà gùn nílé epo.

Adja-Ouèrè kò jìnnà sí ẹnubodè. Epo olówó pọ́ọ́kú yẹn ló ń gba ibẹ̀ wọ Benin, tí wọ́n ń tà á nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n ń pè é ní kpayo. Lẹ́nu àwọn tó ń tà á, "epo wọ́n" tí mo gbọ́ túmọ̀ sí pé owó rẹ̀ gòkè.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé ìrànwọ́ epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan di 488 náírà ní Èkó. Owó kpayo náà fò sókè. Ìtumọ̀ méjèèjì tún pàdé.

Òfin lè so owó mọ́lẹ̀. Kò lè so ọ̀wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tó ń gba èdè sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ máa bèèrè: ṣé owó ló ga ni, àbí ọjà ni kò sí?