Nọ́ọ̀sì Tó Kọ́ Iṣẹ́ Ojú

Nọ́ọ̀sì ojú ni ẹni tó ti gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì tán, tó tún padà lọ kọ́ ìtọ́jú ojú nìkan. Ní Nàìjíríà, ibi bíi National Eye Centre ní Kàdúná ni wọ́n ti ń kọ́ ọ.

Iṣẹ́ náà ju kíkán oògùn sójú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kíkán oògùn gan-an ní ọgbọ́n tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì á fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, á kán ẹ̀kán kan ṣoṣo sí i, aláìsàn á pa ojú dé, wọ́n á sì fi ìka tẹ igun ojú tó sún mọ́ imú fún bí ìṣẹ́jú kan, kí oògùn má baà gba imú wọnú ẹ̀jẹ̀. Bí oògùn bá jẹ́ méjì, wọ́n á dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó kán èkejì. Ojoojúmọ́ ni ọ̀pọ̀ aláìsàn glaucoma, àrùn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́, ń ṣe èyí títí ọjọ́ ayé wọn, nígbà tí ojú kò tiẹ̀ dùn wọ́n rárá. Ẹni tí kò rí nọ́ọ̀sì tó fara balẹ̀ kọ́ ọ lè pa oògùn tì, ojú tí glaucoma bá sì ti bà jẹ́ kò ní àtúnṣe mọ́.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 rí i pé 4.2 nínú 100 ẹni tó ti pé 40 ọdún ló fọ́jú. Ó lé ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wọn tí ìfọ́jú náà ṣeé dènà tàbí tọ́jú. Dókítà ojú kò tó, ìlú ńlá sì ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Nọ́ọ̀sì lè dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀: Gáḿbíà bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú ojú ní 1986, ó kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì fún iṣẹ́ náà, ó sì kọ́ àwọn kan ní iṣẹ́ abẹ cataract. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ìfọ́jú dín kù láti 0.7 sí 0.42 nínú 100 ènìyàn.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì tó kọ́ iṣẹ́ ojú ti ń gún abẹ́rẹ́ sínú ẹyinjú àwọn àgbà tí àárín ojú wọn ń bàjẹ́. Dókítà nìkan ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n aláìsàn ń padà wá léraléra, èrò sì pọ̀ ju agbára dókítà lọ. Láti 2006 ni òfin ibẹ̀ ti gba nọ́ọ̀sì tó yege nínú ẹ̀kọ́ kíkọ oògùn láyè láti kọ ọ̀pọ̀ jù lọ oògùn fúnra rẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí nìkan kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà nílò òfin tó sọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé, dókítà tó ń ṣọ́ ọ títí ọwọ́ rẹ̀ fi máa dán, àti ipò tí owó oṣù rẹ̀ bá a mu. Ó sì yẹ kí ilé ìwòsàn fi í sílẹ̀ ní ẹ̀ka ojú: nọ́ọ̀sì ojú tí wọ́n bá gbé lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn ti di ọ̀gá tí kò níṣẹ́, àwọn tó ń tò síwájú ẹ̀ka ojú ni yóò sì jìyà rẹ̀.