Ìwú Inú Ẹnu Tí Kì Í Dunni

Ẹ̀yin ará wa ní Ọ̀jọ́, Ìba àti Okokomaiko, a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìwú kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí nítorí pé kì í sábà dunni. Àpò omi ni. Ó lè yọ sábẹ́ ahọ́n tàbí sí ètè, ó sì lè fara pamọ́ sínú egungun àgbọ̀n. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àsàsí.

Èyí tí ó wà nínú egungun ni ó ń tanni jẹ jù. Bí àkokoro bá jẹ eyín títí tí eyín náà fi kú, àpò omi lè hù ní gbòǹgbò rẹ̀. Òmíràn a máa yí eyín tí kò ráyè jáde ká. Omi náà ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀, egungun ń jẹ, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò fi wú sóde. Oògùn tí a ń rà lọ́dọ̀ kẹ́místì lè dá ọyún dúró, ṣùgbọ́n kò lè mú àpò náà kúrò.

Oníṣègùn eyín yóò fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, yóò sì ya àwòrán X-ray. Àwòrán nìkan kò tó. Kókó kan wà tí wọ́n ń pè ní ameloblastoma, tí ó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, tí ó lè jọ àpò omi nínú àwòrán bí ìbejì. Òun náà kì í ṣe jẹjẹrẹ, síbẹ̀ ó lè ba egungun jẹ́ débi tí wọn yóò fi gé apá kan àgbọ̀n kúrò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gé díẹ̀ lára ìwú náà lọ yẹ̀wò. Ẹni tí ó bá kọ̀ kí wọ́n gé e wò, ìdáhùn tí ó wá lọ sọ́dọ̀ dókítà gan-an ni ó kọ̀.

Bí àpò náà bá kéré, wọn a fún ni ní abẹ́rẹ́ tí ń mú ẹnu kú, wọn a họ ọ́ jáde pátápátá, wọn a sì tọ́jú eyín tí ó fà á tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Bí ó bá tóbi, wọ́n lè kọ́kọ́ ṣí ojú rẹ̀ kí ó lè súnkì. Carl Partsch ará Jámánì ti kọ nípa ọ̀nà yìí ní 1892. Ti abẹ́ ahọ́n yàtọ̀, itọ́ ni ó wà nínú rẹ̀. Bí a bá kàn gún un, yóò tún kún.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹnu wà ní LASUTH ní Ìkẹjà àti ní LUTH ní Ìdí-Àràbà. A mọ̀ pé ọ̀nà Badagry kì í rọrùn. Ẹ̀yin àlùfáà tí a bá mú irú ìwú bẹ́ẹ̀ wá bá, ẹ gbàdúrà fún ẹni náà, kí ẹ sì bi í ní ọjọ́ tí yóò lọ ya X-ray. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ó máa padà lọ ní ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún un, nítorí irú kan wà tí ó lè tún hù lẹ́yìn ọdún mélòó kan.