Ológbò yín bímọ láìròtẹ́lẹ̀: ta lẹ máa fún?

Ẹ̀yin ará Djaloukou! Ológbò bímọ márùn-ún sínú àká yín? Ẹ má kó wọn sápò lọ dà sígbó o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mu ọmú fún ọ̀sẹ̀ 8. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni tí eku ń jẹ àgbàdo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi í: ṣé ó ń lo oògùn eku? Ológbò tó bá jẹ eku tó ti jẹ oògùn lè kú. Ẹni tó bá ní kí ẹ kó gbogbo wọn fún òun, ẹ fura. Ìkòkò ọbẹ̀ lè wà lọ́kàn rẹ̀. Ní oṣù 3, kí olówó rẹ̀ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ìyá wọn ńkọ́? Ó lè lóyún mìíràn nígbà tó ṣì ń fọ́mọ lọ́mú, oyún ológbò ò sì ju bí oṣù 2 lọ. Ẹ má jẹ́ kí akọ sún mọ́ ọn.